Kóòṣì ìlera ọpọlọ tó ń ti ilé ṣiṣẹ́: ibo ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí?

Bí èèyàn bá sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin, pé iṣẹ́ ìlera ọpọlọ lòun ń ṣe, Jacquot ló kọ́kọ́ ń wá sí àwọn ará ilé lọ́kàn: ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ní Kútọnu, ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú lọ. Tó bá wá fi kún un pé orí fóònù lòun ti ń ṣe é, láti inú yàrá òun, lẹ́yìn tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á máa wò ó tìyanu-tìyanu. Àwọn kan á ní ṣé wèrè ló ń pè é lórí fóònù ni. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìtàkùrọ̀sọ lásán làwọn òyìnbó tún wá ń sanwó fún. Mo ti gbọ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ni mí lọ́sàn-án, mo sì ń ṣe kóòṣì ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni pé mo ń fetí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, mo sì ń fi ìbéèrè ràn án lọ́wọ́ kó lè rí ohun tóun fúnra rẹ̀ lè ṣe. Àwọn tó ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè ṣe é ń pọ̀ sí i. Owó ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń béèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan béèrè ibi tí iṣẹ́ náà parí sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ lè ṣe ọmọlọ́mọ léṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn òṣìṣẹ́ yìí sọ́tọ̀, torí orúkọ wọn ń dàpọ̀ mọ́ra. Dókítà ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní psychiatre lédè Faransé, kàwé ìṣègùn tán kó tó kọ́ ti ọpọlọ lé e. Òun ló lè sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe yín, òun ló sì lè kọ oògùn rẹ̀. Psychologue kì í kọ oògùn. Yunifásítì ló ti kọ́ nípa ọkàn àti ìhùwàsí èèyàn, ó lè ṣàyẹ̀wò, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1985 ló dáàbò bo orúkọ yẹn: ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tí òfin là sílẹ̀ kò gbọdọ̀ máa jẹ́ ẹ. Kóòṣì ńkọ́? Kò sí òfin tó dáàbò bo tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè jí láàárọ̀ ọ̀la, kó lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ Facebook, kó ní kóòṣì lòun.

Ẹgbẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ láàárín àwọn kóòṣì, International Coaching Federation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1995. Ìwé ẹ̀rí tó kéré jù nínú tiwọn, tí wọ́n ń pè ní ACC, ń béèrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 60 ó kéré tán, àti wákàtí 100 tí èèyàn ti fi bá oníbàárà ṣiṣẹ́. PCC tó tẹ̀ lé e ń béèrè 125 àti 500. Ìwé tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aládàáni ló ń fúnni, kì í sì í ṣe ti ìlera ọpọlọ ní pàtó: ẹni tó ń kọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ bí yóò ṣe máa darí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà lè gbà á. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń gbé ACC kiri bí ìwé dókítà, ẹ rọra.

Ta wá ni kóòṣì ìlera ọpọlọ ń bá ṣiṣẹ́? Ẹni tó ṣì ń dìde láàárọ̀, tó ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé, tó ń jẹun, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Oníṣòwò ọjà Ouando tí gbèsè gbà lóorun. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tíì lè sọ fún ìyàwó. Ọmọ Kétu tó lọ kàwé sílẹ̀ òkèèrè tí òtútù àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ fẹ́ pa. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ kì í ṣe ti kóòṣì, ẹni tí ọtí ti di ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ń rò ó láti para rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà ní àárín: ó lè jẹ́ àárẹ̀ àti àìsùn lásán, ó sì lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń fẹ́ dókítà kíákíá. Irú èyí ni mo máa ń tètè fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ pé kò le tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà kan máa ń yínmú sí wa, wọ́n á ní kí la mọ̀. Mi ò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà pé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa bí wọ́n bá kọ́ ọ. Ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Harare lọ́dún 2006. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, kí wọ́n fetí sí ẹni tí ìrònú ti mú, kí wọ́n sì bá a tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dán ètò náà wò pẹ̀lú èèyàn 573, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní PM+. Ìjókòó márùn-ún ni, ohun mẹ́rin ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀: bí èèyàn ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ara lè rọlẹ̀, bí a ṣe ń ya ìṣòro tó ní àtúnṣe sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní, bí èèyàn ṣe ń padà sídìí ohun tó ti pa tì, àti bó ṣe ń wá ẹni tí yóò dúró tì í. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìlànà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ olówó gọbọi tí wọ́n ń polówó lọ.

Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò Aró ní Abẹ́òkúta, tó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Àwọn ará abúlé ń bá wọn gbé, wọ́n ń bá wọn jẹ, wọ́n jọ ń ṣe bí èèyàn ṣe ń ṣe. Dókítà ń tọ́jú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó kan ìyá àgbà Harare, PM+ àti Aró: ẹni tó mọṣẹ́ ju àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí lọ wà lẹ́yìn wọn, tí wọ́n lè sá tọ̀. Kóòṣì tí kò ní irú alábòójútó bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló ń wọ inú igbó.

Bí ìjókòó kan ṣe ń rí

Ohun tí oníbàárà bá sọ kì í jáde, nítorí náà èmi ni mo hun àpẹẹrẹ yìí. Ká ní ọmọbìnrin kan láti Ṣábẹ ló ń kàwé ní Lyon. Ó pè ní aago méje alẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, orí mi ń gbóná. Mi ò rí oorun sùn. Ìdánwò ti dé tán, mi ò tíì ṣí ìwé."

Ohun tó máa yọ sí ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu ni: "Fọkàn balẹ̀, gbàdúrà, tètè sùn, ṣé o mọ iye tí àwọn òbí ẹ ná ni?" Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu màmá rẹ̀. Kóòṣì á ní:

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Orí gbígbóná, àìsùn, ìdánwò. Èwo nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé?"

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. "Àìsùn. Láti ìgbà tí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ti kó lọ."

"Alẹ́ àná, látìgbà tó o ti wọlé, kí lo ṣe?"

"Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń wo fóònù. Mo ń wo àwòrán àwọn ará ilé níbi ìgbéyàwó. Ìgbà tí mo máa wojú aago, aago mẹ́ta ti lù."

"Ta lo bá jẹun gbẹ̀yìn?"

"Tántí kan, ará Kétu, tó ń se oúnjẹ tà. Ó ní kí n máa wá lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ojú ń tì mí. Ó máa béèrè bí ìwé ṣe ń lọ."

Ẹ rí i pé a ti kúrò lórí ìdánwò. Kóòṣì tó bá ti fi ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ ì bá ti ṣètò bí wọ́n ṣe ń kàwé fún un, ọmọ náà ì bá sì ti ní "ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n", kó má pè mọ́. Kí ìjókòó tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ohun tóun fẹ́ ṣe: yóò lọ sọ́dọ̀ tántí ní Sátidé, yóò sì gbé fóònù sórí tábìlì tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì bí aago mọ́kànlá bá ti lù. Ohun kékeré méjì. Kóòṣì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bó ṣe lọ. Bí kò bá ṣe é, a kì í bá a wí, ohun tó dínà la ń wá.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ṣòro jù lórí fóònù. Bí ẹni tó jókòó níwájú yín bá dákẹ́, ẹ ń rí ojú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ń ronú. Lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ máa kọ́kọ́ fura sí, ẹ ó sì ní "Hàló, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu ẹni yẹn ti padà wọlé. Mo kọ́ ara mi láti máa kà á sínú dé mẹ́wàá kí n tó la ẹnu. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ kò sí ohun tí mo kọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wúlò fún mi tó o.

Àgbàlagbà tún ní tiwọn. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún láti Kétu kì í fẹ́ kí ọmọdé máa wádìí ẹnu òun wò. Ẹ gbọ́dọ̀ kí i dáadáa, ilé, ọmọ, oko, ara, kẹ́ ẹ tó dé ìdí ọ̀rọ̀, aago ilé iṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ ò sì mọ̀ pé ìkíni wà lára iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè ọmọdé kan" máa ń ṣílẹ̀kùn tí ìbéèrè inú ìwé ò lè ṣí. Àwọn àgbà kì í sì í sábà sọ pé inú àwọn bà jẹ́. Wọ́n á ní nǹkan ń rìn lórí àwọn, àyà ń já, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Kóòṣì tó bá ń retí pé kí wọ́n sọ ọ́ bí àwọn ará Paris ṣe ń sọ ọ́ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì gbàgbé pé àyà tó ń já lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fún oníbàárà ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agbára, ìfẹ́ láti ṣe nǹkan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba òdo sí mẹ́ta, àpapọ̀ ò ju 27 lọ, 10 ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe ààlà tó yẹ kí dókítà tàbí psychologue ti yẹ ẹni náà wò. Iye yẹn kì í ṣe orúkọ àìsàn. Bí ẹnì kan bá ní 14, kóòṣì ò gbọdọ̀ sọ fún un pé ó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ohun tó lè sọ ni pé ìdáhùn yín fi hàn pé ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ rí yín. Èmi máa ń kọ́kọ́ wo ìbéèrè kẹsàn-án kí n tó wo àpapọ̀, torí òun ló ń béèrè bóyá ẹni náà ti ń rò pé ikú sàn ju ayé lọ tàbí pé kóun ṣe ara òun léṣe.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀mí

"Ayé ti sú mi." Gbogbo wa la ń sọ ọ́ nígbà tí nǹkan bá le, torí náà ó rọrùn láti fò ó. Kóòṣì kì í fò ó. Ó máa béèrè láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé ìbéèrè yẹn á fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ìwádìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ wọn pé ẹnì kan tiẹ̀ bi àwọn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ kóòṣì ti parí nìyẹn, iṣẹ́ fífà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló kù. Kóòṣì ò sì ní gbé fóònù sílẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi gbà á.

Ibí ni jíjìnnà ti ń fìyà jẹni. Èmi wà ní Àjàṣẹ́, oníbàárà wà ní Lyon: bí mo bá pe ọlọ́pàá tèmi, kí ni wọ́n máa ṣe? Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ gba àdírẹ́sì ibi tí oníbàárà wà gan-an àti nọ́ńbà ẹnì kan tó sún mọ́ ọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú rẹ̀. Ní Faransé, 3114 ni nọ́ńbà fún ẹni tó ń ro ikú. Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni láti oṣù keje ọdún 2022, Kánádà náà sì gba 988 ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2023. Bí oníbàárà bá wà nílé níbí, Jacquot wà ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau wà ní Àjàṣẹ́, ilé ìtọ́jú Saint-Camille sì wà ní Avrankou lẹ́bàá wa. Ẹgbẹ́ Saint-Camille yìí ni Grégoire Ahongbonon dá sílẹ̀, ọmọ Benin tó ti fi ìgbà kan ṣiṣẹ́ títún táyà ṣe ní Côte d'Ivoire, tó sì ti tú ọ̀pọ̀ aláìsàn ọpọlọ kúrò lára igi àti ṣẹ́ẹ̀nì tí wọ́n dè wọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ babaláwo, wòlíì àti aláàfáà kò ní ṣàì wá sókè. Èmi kì í bá oníbàárà jiyàn lé e lórí. Ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ dá oògùn dókítà dúró? Ṣé wọ́n ń nà yín, ṣé wọ́n ń fi ebi pa yín, ṣé wọ́n dè yín? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ máa gbàdúrà yín lọ.

Àkókò àti owó

Àwọn tó ń polówó iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ìgbà tó bá wù yín lẹ máa ṣe é. Ìgbà tó bá wu oníbàárà ni. Kò sí àyípadà aago lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ó wà lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà òtútù, aago Àjàṣẹ́ àti ti Paris dọ́gba. Nígbà ooru wọn, Paris fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Montréal fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ooru. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Montréal tó ní ká sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aago méjìlá òru ló ń pè mí yẹn nígbà òtútù. Kánádà sì ń yí aago tirẹ̀ ṣáájú Yúróòpù nínú oṣù kẹta, torí náà ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà tí gbogbo ètò á dàrú. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ń gba àwọn ará Kánádà.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe, kì í ṣe iye tí ilé iṣẹ́ kankan ń san. Ká ní wọ́n ń san yúrò 12 fún ìjókòó kan. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í lọ sókè kì í lọ sísàlẹ̀, nítorí náà 7,871 sẹ́fà ni. Ìjókòó mẹ́jọ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lóṣù: ó lé ní 250,000 sẹ́fà. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lófin ní Benin jẹ́ 52,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023, ojú èèyàn á tàn. Àmọ́ ẹ padà wò ó. Ìjókòó ìṣẹ́jú 50 kì í jẹ́ ìṣẹ́jú 50: ẹ ó ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ó kọ tòní, ẹ ó fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé láàárín ọ̀sẹ̀. Ó sún mọ́ wákàtí méjì. Ẹnì kan ò ní wá, kò sì ní sọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń san díẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan ò san kọ́bọ̀. Owó ìfowóránṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, dátà ń bẹ níbẹ̀, owó alábòójútó ń bẹ níbẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wá a fúnra yín. Oníbàárà mẹ́jọ kì í sì í dé lọ́jọ́ kan. Èmi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ torí rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín láìsí ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn yín, ẹ lọ bá àwọn agbowó-orí kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà owó-orí tí wọ́n ń pè ní IFU, kí ọ̀rọ̀ owó-orí má bàa bá yín lójijì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ń fẹ́ kí kóòṣì máa gbé ní Amẹ́ríkà. Torí náà, bí ẹnì kan bá ránṣẹ́ sí yín ní Kétu pé wọ́n ti gbà yín síṣẹ́ ní New York, kẹ́ ẹ kàn fi owó fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí MoMo, ẹ mọ̀ pé gbájúẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó bá jẹ́ ojúlówó á lè sọ orúkọ alábòójútó yín kẹ́ ẹ tó gba oníbàárà àkọ́kọ́, á sì sọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè bí oníbàárà bá sọ pé òun fẹ́ kú. Bí wọ́n bá ń kálòlò lórí ìbéèrè kejì yẹn, ẹ má gbaṣẹ́ náà.

Agbo ilé àti àṣírí

Ilé tá a ń gbé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún mi níbẹ̀rẹ̀. Agbo ilé ni, ògiri fẹ́lẹ́, ọmọ ń ké, ìyá ọkọ ń pe orúkọ ẹni láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti ki nǹkan bọ etí, ó ti tán. Ohùn oníbàárà ló bò, ohùn tiyín ò bò: bí ẹ bá sọ pé "ṣé ọkọ yín ló lù yín?", gbogbo ilé ti gbọ́. Mo ti lo yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, mo ti lo ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn tó bá ti tìlẹ̀kùn. Ní báyìí, rédíò kékeré kan ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà náà lè wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo máa ń béèrè pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?" Bí kò bá dá wà, a ó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ bá ara wa sọ̀rọ̀. Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀: káàdì ilé iṣẹ́ méjì nínú fóònù, bátìrì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwa Nàgó tún kéré ju bá a ṣe rò lọ. Ẹni tó ń pè láti Marseille lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ti mọ ẹbí rẹ̀, mi ò ń gbà á, mo máa ń fi í ránṣẹ́ sí kóòṣì mìíràn, kódà bó bá ń bẹ̀ mí pé Yorùbá tèmi ló yé òun. Ó dùn mí nígbà kọ̀ọ̀kan, torí àwa tá a ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ yìí ò pọ̀.

Àṣírí lórí kọ̀ǹpútà náà wà lábẹ́ òfin. Òfin ẹ̀rọ ayélujára Benin, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, àjọ APDP ló sì ń mójú tó o. Bí oníbàárà bá wà ní Yúróòpù, òfin tiwọn lórí ìsọfúnni èèyàn, RGPD, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, kàn án. Ọ̀rọ̀ àṣírí kò yọ ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀: lọ́dún 2023, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí BetterHelp, ilé iṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó fi ìsọfúnni àwọn oníbàárà fún Facebook àti àwọn mìíràn fún ìpolówó. Ní tiwa níbí, fóònù tí ọmọ ń gbà ṣeré ló ń tú àṣírí jù. Ẹ má fi ìwé oníbàárà sórí fóònù tí gbogbo ilé ń lò, ẹ má sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kà fún oníbàárà tuntun nìyí kí ó tó san ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ lè mú un, kó tún un ṣe bó ṣe bá tirẹ̀ mu:

"Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Èmi kì í ṣe dókítà ọpọlọ, èmi kì í ṣe psychologue. Mi ò lè sọ orúkọ àìsàn fún yín, mi ò lè fún yín lóògùn, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ dá èyí tí dókítà fún yín dúró. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ, àárín èmi àti ẹ̀yin ni, àfi bí mo bá rí i pé ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu. Nígbà náà, màá pe ẹni tẹ́ ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú tẹ́ ẹ wà. Ẹnì kan ń bójú tó iṣẹ́ mi, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wa láìdárúkọ yín. Èmi kì í fèsì lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ti Àjàṣẹ́. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn kan á gbà. Àwọn mìíràn á ní dókítà gan-an làwọn ń wá, àwọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn yẹn, mo máa ń bá wọn wá èyí tó sún mọ́ wọn, mi ò sì ń gba owó rẹ̀.